Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní password yín nítorí ìròyìn omi odò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí odò Brays Bayou nilé wa wà, ní Houston níbí, ní Amẹ́ríkà. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ọmọdé ni mí nígbà tí Ògùnpa ya wọ̀lú ní 1980, látìgbà náà lojú mi kì í ti í kúrò lára omi. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òun lè so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń wọn odò, kí ímeèlì máa wọlé sí mi bí omi bá ń gòkè. Dọ́là 60 ló gbà. Ó gba ímeèlì mi àti password rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ṣí akáǹtì fún mi lọ́dọ̀ ìjọba. Títí dòní n kò rí nǹkan kan. Ọmọ mi wá ní irọ́ ni, pé kò sí akáǹtì kankan láti ṣí, ẹnikẹ́ni ló lè fi ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀ láìsí password. Èyí ló wá bà mí lẹ́rù jù. Ohun tí kò ní password, ṣé kì í ṣe ti àwọn gbájúẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè ṣí akáǹtì tó jẹ́ ojúlówó? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, kí a tó sọ̀rọ̀ odò rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pààrọ̀ password ímeèlì yín báyìí. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ó bá mi níbí.

Ẹ ti ṣe é? Ó kù díẹ̀. Bó bá jẹ́ Gmail ni ímeèlì yín, ẹ wọ ibi tí Google ti ń to ọ̀rọ̀ ààbò akáǹtì, ẹ ó rí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ti wọlé síbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀ rí, ẹ lé e jáde. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń gba akáǹtì padà, bóyá tiyín ṣì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣí Gmail, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Forwarding sí. Bí àdírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ibẹ̀ yẹn làwọn èèyàn kì í rántí. Ẹ lè pààrọ̀ password lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ẹnì kan bá ti pa á láṣẹ pé kí ẹ̀dà lẹ́tà yín máa lọ sọ́dọ̀ òun, á ṣì máa lọ ni.

N kò pe ọmọ náà lólè o. N kò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà báyìí ti wá ń pọ̀ jù, ó sì ti ń bí mi nínú.

Ọmọ yín ló tọ̀nà. WaterAlert lorúkọ ohun tí ẹ ń wá. Àjọ USGS ló ni ín, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879, tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀fẹ́ ni. (N kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, n kò sì sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Dátà odò ni mo fi ń jẹun, mo sì ń lo WaterAlert fúnra mi.)

Ẹ wá jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ password yìí, torí òun ló mú yín fi ọwọ́ ara yín ṣí ilẹ̀kùn fún àjèjì. Ẹ rò pé ibi tó bá ti ń béèrè password ni ojúlówó, ibi tí kò bá béèrè ni ti gbájúẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìkànnì àwọn ọmọ Yahoo sábà máa ń béèrè password. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn.

Kí ni password wà fún? Ó wà láti ṣọ́ nǹkan. Báńkì ń béèrè rẹ̀ torí owó yín wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ń béèrè torí àìsàn yín wà lákọsílẹ̀ níbẹ̀. Kí ló wà lórí ìkànnì omi tí wọ́n fẹ́ ṣọ́? Gíga omi Brays Bayou kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó wà ní Èkìtì lè ṣí i lórí fóònù rẹ̀ báyìí, kó rí iye kan náà tí ẹ̀yin rí.

Bí ẹ bá ní kí fẹ́ńdọ̀ máa ju ìwé ìròyìn sí yín lójúlé láràárọ̀, ṣé kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ ó fún un ni? Nọ́ńbà ilé ló nílò. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó tún mọ̀ ni pé ẹni tó ń gbé ilé yẹn gan-an ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kì í ṣe aládùúgbò kan tó fẹ́ fi ìwé kún ẹnu ọ̀nà yín.

Báwo lẹ̀rọ ṣe ń mọ èyí? Bí ẹ bá kọ àdírẹ́sì ímeèlì yín sílẹ̀, kò tíì gbà yín gbọ́. Ó máa kọ́kọ́ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yẹn pé: ẹnì kan ní kí a máa kọ̀wé síbí, ṣé ìwọ ni? Ẹni tó bá lè ṣí àpótí ímeèlì náà nìkan ló máa rí lẹ́tà yẹn, òun nìkan ló sì lè dáhùn. Bí ẹ bá ti dáhùn, ó ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni àpótí náà. Bí ẹ kò bá dáhùn, kò sí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, password wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ Google ló wà, òun lẹ fi ń ṣí ímeèlì yín. Kò yẹ kó tún dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ USGS, ìbáà jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ pé WaterAlert ni ọmọ yẹn fẹ́ ṣe fún yín ní tòótọ́, ì bá kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀, ì bá pè yín lórí fóònù pé, “Mummy, ẹ wo ímeèlì yín, ẹ fọwọ́ sí i.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan náà ló fà á tí ẹ kò fi ní láti bẹ̀rù bí irú lẹ́tà yẹn bá ṣàdédé wọlé láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ó lè jẹ́ ẹnì kan ló ṣi àdírẹ́sì kọ. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má tẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àmọ́ bí lẹ́tà kan bá ní láti USGS lòun ti wá, tó wá ń béèrè nọ́ńbà káàdì, password, tàbí kóòdù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, irọ́ ni, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má sì wo orúkọ tó kọ sókè nìkan, orúkọ tó bá wu èèyàn ló lè kọ síbẹ̀. Bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ tẹ líǹkì, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ìjọba, èyí tó parí sí .gov, kí ẹ tibẹ̀ wọlé.

Àìlo password ní wàhálà tirẹ̀, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Irú lẹ́tà báyìí sábà máa ń gbé líǹkì tí wọ́n fi ń dá a dúró sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi lẹ́tà náà ṣọwọ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí, ẹni tó bá tẹ líǹkì yẹn lè dá tiyín dúró, ẹ kò sì ní mọ̀ títí omi á fi dé. Iye tó wà nínú lẹ́tà ni kí ẹ dà kọ sórí WhatsApp, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀. Bákan náà, ẹ má lo ímeèlì ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ìkìlọ̀ náà bọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ gbà gbọ́ ni pé wọ́n lè so fóònù yín mọ́ ẹ̀rọ odò. Wọn kì í so nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ń gba orí afárá kan kọjá, tí ẹ rí àpótí irin tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, tí eriali wà lórí rẹ̀ àti páńẹ́lì oòrùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyẹn. Ó sábà máa ń wọn omi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á kó o jọ, á wá fi ránṣẹ́ sókè sí sátẹ́láìtì, lọ́pọ̀ ibi, ní wákàtí wákàtí. Kọ̀ǹpútà USGS á gbà á, á fi wé iye tí ẹ kọ sílẹ̀, bó bá ti kọjá rẹ̀ ló tó kọ̀wé sí yín. Ẹ rí i pé ohun tí ẹ máa kà nínú ímeèlì lè ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ díẹ̀. Ní Houston, omi kì í fún èèyàn ní wákàtí tó pọ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ wọ ìkànnì dátà omi USGS, ẹ wá ibùdó tó sún mọ́ yín. Èyí tó wà lórí Brays Bayou lẹ́bàá Main Street, nọ́ńbà rẹ̀ ni 08075000, àmọ́ bí ilé yín bá jìnnà síbẹ̀, ẹ wá èyí tó wà lókè odò sí yín, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ yín ló ti máa rí i. Lójú ewé ibùdó náà, ẹ ó rí WaterAlert. Ẹ mú gíga omi, gage height ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ iye tó gbọ́dọ̀ kọjá kó tó ké sí yín. Ẹ yàn bóyá ní wákàtí wákàtí tàbí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ yan ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Ẹ lọ dáhùn lẹ́tà ìfọwọ́sí. Wọ́n máa ń tún ojú ewé wọn ṣe, bí bọ́tìnnì bá ti yí ipò padà, ẹ má bínú sí mi.

Iye wo ni kí ẹ kọ? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. N kò ní sọ iye kankan, torí n kò mọ bí ilé yín ṣe ga tó. Ohun tí mo lè sọ ni pé gage height kì í ṣe jíjìn omi. Bí ẹ bá rí ẹsẹ̀ bàtà 20 níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé omi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ibì kan tí wọ́n yàn ni wọ́n ti ń ka iye náà, àwọn ibùdó kan tiẹ̀ ń kà á láti ìpele òkun. Ẹ lọ sí water.noaa.gov, níbi tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ìjọba ti kọ iye tí omi ti ń di omíyalé ní ọ̀pọ̀ ibùdó. Ẹ wá kọ tiyín kó rẹlẹ̀ sí i, kí ẹ lè ráyè gbé mọ́tò kúrò nílẹ̀ tó tẹ́jú.

Ẹ má sì jẹ́ kó rẹlẹ̀ jù. Èmi kọ ọ́ rẹlẹ̀ jù nígbà kan, mo tún yan wákàtí wákàtí. Òjò lásán ló rọ̀ lóru ọjọ́ kejì, inú ìsọ́ òru ni mo wà, fóònù ń dún gbòlà gbòlà bí ẹni pé gbèsè ni mo jẹ. Ìyàwó mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, tó pa á. Fóònù tí wọ́n ti pa kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, WaterAlert kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ sá tàbí kí ẹ dúró. Dátà tó ń fi ránṣẹ́ jẹ́ èyí tí wọn kò tíì yẹ̀ wò tán. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, omi fúnra rẹ̀ lè gbé e lọ. Gbogbo ẹni tó wà ní Houston nígbà tí ìjì líle Harvey dé ní oṣù kẹjọ 2017 mọ̀ pé omi kì í dúró de ímeèlì. Ìkìlọ̀ National Weather Service, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ìjọba, àti ti ìjọba ìbílẹ̀ yín, Harris County, ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ní ẹ jáde, ẹ jáde, kódà bí WaterAlert kò bá tíì sọ nǹkan kan.

Ní ti dọ́là 60, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ ọmọ náà bó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ bá fi àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lálẹ́ òní tí lẹ́tà ìfọwọ́sí kò dé, ẹ kọ́kọ́ wo inú spam, ibi tí wọ́n ń da lẹ́tà tí wọ́n bá fura sí sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà lọ ka àdírẹ́sì tí ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àìmọye gmial ni mo ti rí.