Nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí tíì yìí, kí ló dé tí àyà mi ń lù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra tíì kan tí wọ́n ní ó ń yọ ọ̀rá ikùn. Kílò 3 ni mo fi fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ àyà mi ń lù kìkì, ẹnu mi ń gbẹ, n kò sì rí oorun sùn. Ẹni tó tà á ní ewé lásán ni, pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Kí ni kí n ṣe?
– Òǹkàwé láti Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má mu ún mọ́. Ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò lónìí. Bí àyà bá ń dùn yín, tí èémí ò já gaara, tàbí tí apá kan ara ń kú tipiri, ọsibítù lẹ ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tọ́jú páálí náà àti tíì tó kù.

Ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn jọ iṣẹ́ sibutramine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ebi pa èèyàn, àmọ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru kí ọkàn sì máa sáré. Ọdún 2010 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kó o kúrò lọ́jà nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Látìgbà náà, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ń bá a léraléra nínú àwọn ohun tí wọ́n ní ewé nìkan ló wà níbẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí páálí, ojú lásán ò sì lè rí i. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ bóyá ó wà nínú tiyín.

Kílò 3 yẹn ńkọ́? Ewé senna wà nínú ọ̀pọ̀ tíì báwọ̀nyí, ńṣe ló sì ń mú kéèyàn yàgbẹ́. Inú ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìfun kékeré ti fa ọ̀rá àti ṣúgà inú oúnjẹ tán kó tó débẹ̀. Omi lẹ pàdánù. Bí ẹ bá ti mumi, ìwọ̀n á padà. Bí ẹ bá ń mu ún lọ fún ìgbà pípẹ́, potassium, èròjà kan tí ọkàn nílò láti lù déédéé, á dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á wá máa lù ségesège.

Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa. Ti oògùn ìbílẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A7, á sì parí sí L. L yẹn dúró fún “Listed”, ìyẹn pé wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀; kò sọ pé NAFDAC ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Ọdún 2 péré ni àṣẹ náà ń lò. Bó bá jẹ́ A1 tàbí 01, oúnjẹ ni wọ́n fi í forúkọ sílẹ̀. Àwọn oníjìbìtì a sì máa da nọ́ńbà ọjà ẹlòmíì kọ, nítorí náà ẹ wá a nínú NAFDAC Greenbook, àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tó forúkọ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ ọjà àti ti ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ti páálí mu. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbé páálí lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC.

Kí ẹ tó kúrò lọ́sibítù, ẹ ní kí wọ́n bá yín kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fi ìpalára oògùn tó NAFDAC létí. Ẹ sì lè fi áàpù Med Safety ṣe é fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, iye ife lóòjọ́, ibi tí ẹ ti rà á àti nọ́ńbà batch (nọ́ńbà ìpín tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó wà lára páálí). Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú: aláìsàn á ti ju páálí nù, “tíì kan” nìkan ló lè sọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa mọ èyí tí wọn ó kó kúrò lọ́jà.