Ẹ má fi Anstruther ṣe àárọ̀ lọ ìrọ̀lẹ́ bọ̀ pẹ̀lú màmá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra àlejò o, Ọlọ́run á mú màmá gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ ní wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù Keje, ẹ sì fẹ́ gbé àwọn àtàwọn ọmọ láti Dundee lọ wo Anstruther, ìlú kékeré tó wà létí òkun ní agbègbè Fife ní Scotland, kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ kẹ́ ẹ sì padà nírọ̀lẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá ọjọ́ kan tó, bóyá òtútù ò ní yọ wọ́n lẹ́nu, kí lẹ máa jẹ, àti bóyá àwọn ará ibẹ̀ ò ní máa wò yín bí ẹni ń wo ìran. Mo ti mú ìyá tèmi náà lọ síbẹ̀, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ kan ò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn síbẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ òru kan péré.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Isle of May ló fà á. Bí èèyàn bá dé Anstruther ní oṣù Keje tí kò bá dé erékùṣù yẹn, ó ti pàdánù ohun tó dùn jù níbẹ̀. Ọkọ̀ náà kò sì ní àkókò kan ṣoṣo tó máa ń gbéra lójoojúmọ́. Òkun ni ọ̀gá. Nígbà tí omi bá kún, èbúté á kún dẹ́múdẹ́mú. Tó bá fà, ẹrẹ̀ lásán lẹ máa rí, àwọn ọkọ̀ kéékèèké á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú rẹ̀ títí omi á fi padà dé. Torí náà ọkọ̀ lè gbéra láàárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó di ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bíi ìṣẹ́jú 45 ni ẹ máa lò lórí omi ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, ẹ ó sì lo wákàtí méjì sí mẹ́ta ní erékùṣù. Ẹ wá fi ìrìn àjò láti Dundee kún un: bọ́ọ̀sì 99 dé St Andrews, kẹ́ ẹ tó wọ 95 dé Anstruther. Kò sí ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀, láti 1965 ni wọ́n ti pa ibùdókọ̀ wọn tì. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí padà ní oṣù Kẹfà 2024 kò kọjá ìlú Leven, àwọn tó ń bọ̀ láti Edinburgh ló wúlò fún. Ẹ ro bí arìnrìn-àjò tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á ṣe sáré tẹ̀ lé gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ kan.

Afẹ́fẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá mi fẹ́ lọ, oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ roro, kò sí ohun tí èèyàn lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dé èbúté, wọ́n ní ọkọ̀ ò ní lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà ìlà-oòrùn, ìgbì sì ń lu ibi tí wọ́n ti ń sọ èèyàn kalẹ̀ ní erékùṣù. Wọ́n dá owó wa padà láìjanpata. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti gba yàrá, àyè wà fún wa láti lọ lọ́jọ́ kejì, a sì lọ. Àwọn ẹbí kan tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ náà kó ọmọ wọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà pẹ̀lú ojú tó fà ro.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí. Ẹyẹ puffin ni gbogbo èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ìgò ẹlẹ́rìndòdò lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Inú ihò ilẹ̀ ló ń pamọ sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà níbẹ̀, wọn ò sì bìkítà fún èèyàn. Ọ̀kan balẹ̀ sí tòsí ẹsẹ̀ ìyá mi, ó to ẹja tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu ní ìbú, orí wọn lápá kan, ìrù wọn lápá kejì. Ó wò wá díẹ̀, ó sì bọ́ sínú ihò lọ bọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ yà kúrò lójú ọ̀nà o, nítorí òkè àwọn ihò yẹn fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ èèyàn lè jìn sínú wọn, kó sì pa ọmọ ẹyẹ. Tí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé dáadáa, wọ́n ti fò padà sójú òkun, torí náà ẹ má sún ìrìn àjò náà síwájú.

Àwọn ẹyẹ kan tún wà nítòsí ibi tẹ́ ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀, tern ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni lásìkò tí wọ́n bá ń tọ́mọ. Wọ́n á já ṣòòròṣò láti òkè, wọ́n á fi ẹnu ṣá èèyàn lórí. Ohun tó bá ga jù lọ lára èèyàn ni wọ́n ń dojú kọ, nítorí náà kí olúkúlùkù na igi tàbí agbòjò sókè ju orí rẹ̀ lọ títí ẹ ó fi kọjá. Kí màmá wé orí dáadáa. Bí orúnkún bá ń dun wọ́n, wọn ò ní láti gun òkè lọ síbi ilé iná tí Robert Stevenson kọ́ ní 1816. Wọ́n lè jókòó nísàlẹ̀ nítòsí ilé àlejò, ẹyẹ á tún yí wọn ká níbẹ̀. Kò sí ilé oúnjẹ ní erékùṣù, ẹ gbé omi àti ìpanu dání.

Nípa òtútù: ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ló ń pààyàn níbẹ̀ ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Kí màmá wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra wọn, kí kóòtù tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá wá wà lókè. Ìkùukùu òkun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní haar. Ó lè ti ojú omi wọlé lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ má rí òdìkejì èbúté mọ́, kí ara gbogbo èèyàn sì tutù lójijì. Ẹ má bọ́ kóòtù sílé nítorí oòrùn àárọ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti lọ, ẹ lọ sí Scottish Fisheries Museum. Etí èbúté níbẹ̀ ló wà, láti 1969 ni wọ́n ti ṣí i. Ìyá mi ta ẹja tútù fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì rò pé ilé náà á sú wọn kíákíá. Ńṣe ni wọ́n dúró pa síwájú àwòrán àwọn obìnrin tó ń la ikùn ẹja herring, ìyẹn irú èyí tí à ń pè ní ṣáwá nílé. Ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́: méjì á la ikùn ẹja, ẹnì kẹta á tò ó pẹ̀lú iyọ̀ sínú àgbá. Wọ́n fi àkísà wé ìka nítorí ọ̀bẹ àti iyọ̀ tó ń wọ ojú ọgbẹ́. Wọ́n ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹja láti Shetland títí dé Great Yarmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù lórí oṣù, kúrò nílé. Ìyá mi ní kí n ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan fún àwọn. Yàrá kan tún wà níbẹ̀ fún ìrántí àwọn apẹja tí òkun gbé lọ. Ẹ fún màmá láyè níbẹ̀, ẹ má kánjú wọn.

Oúnjẹ ò le. Ẹja haddock díndín pẹ̀lú chips ni gbogbo ayé ń tò fún létí èbúté, ó dùn gan-an, ó gbóná, ṣùgbọ́n kò sí ata kankan níbẹ̀. Ẹ rọ ata díndín sínú ike kékeré. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ti orí omi dé ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kì í ṣe ṣáájú, nítorí ọkọ̀ náà máa ń mì, ọ̀rá ẹja ò sì bá ìyẹn rẹ́.

Ní ti wíwò, ẹ ò ní rí aláwọ̀ dúdú púpọ̀ níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n á wò yín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á kí yín. Ìkíni yẹn gan-an ló mú ìlú náà wu ìyá mi, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti dé Britain, àìkíra-ẹni lójú ọ̀nà ló ń dùn wọ́n jù. Ìyá àgbà kan sún fún wọn lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì sì jókòó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́ èdè ẹnì kejì dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó máa ń tètè tán lásìkò puffin. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá yàrá, kẹ́ ẹ sì béèrè tẹnu-tẹnu bóyá ilẹ̀ ló wà, nítorí àtẹ̀gùn inú àwọn ilé olókùúta yẹn tóóró, ó sì ga. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì kì í pọ̀. Àwọn ọmọ yín tí wọn ò tíì pé ọdún 22 ò ní san owó bọ́ọ̀sì bí wọ́n bá ti gba káàdì wọn. Màmá máa sanwó ní tiwọn, nítorí àwọn àgbà tó ń gbé Scotland nìkan ni ti ọ̀fẹ́ náà wà fún.