Ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn

Àbúrò mi, o ní o ti ṣiṣẹ́ ọdún 4 pẹ̀lú àjọ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ aránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. O fẹ́ lọ gboyè másítáàsì nínú public policy (bí ìjọba ṣe ń gbé ètò kalẹ̀ fún ìlú) àti social innovation (wíwá ọ̀nà tuntun láti yanjú ìṣòro ará ìlú) nílùú Ọba, bàbá yín sì ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ méjì kí owó lè pé. O ní ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ta ilẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ilẹ̀ ìyá mi ni, ní Ìsẹ́yìn. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

Oṣù Karùn-ún 2023 ni mo jókòó ṣírò. Dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní ọjà ìjọba nígbà yẹn. Mo san ìdajì owó ilé-ìwé, mo fi ìyókù pa mọ́ ní náírà, mo ní tó bá di oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ n óò san án tán. Oṣù Kẹfà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, dọ́là ti kọjá 1,500. Owó tó yẹ kó san ìdajì tó kù kò ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ mọ́. Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru nìyẹn. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà wá láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, owó wákàtí 20 náà kò sì ju ti ilé àti oúnjẹ lọ. Gbèsè tí mo fi pé owó ilé-ìwé, ọdún tó kọjá ni mo san án tán.

Físà gan-an tún níṣẹ́ tiẹ̀. Iye owó tí wọ́n dá gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko, kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, jẹnẹrétọ̀ ilé wa bàjẹ́, mo yọ 40,000 náírà, mo ní lọ́la ni n óò dá a padà. Mo sì dá a padà lóòótọ́. Àmọ́ mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí ení. Bí o bá sì ti lọ́kọ tàbí lọ́mọ, láti oṣù Kìíní 2024 ni wọn ò ti jẹ́ kí ẹni tó ń lọ ṣe másítáàsì oníkíláàsì mú ará ilé rẹ̀ dání mọ́, àyàfi ẹni tí ìjọba bá ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ èyí. Kí n tó ta ilẹ̀, mo ti kọ fọ́ọ̀mù Chevening lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìlú Ọba ń fún àwọn ará ìlú mìíràn, wọn ò tilẹ̀ pè mí. Àròkọ 4 ni wọ́n ní kí a kọ: bí o ṣe ń darí èèyàn, bí o ṣe ń bá èèyàn da nǹkan pọ̀, ìdí tó fi jẹ́ ìlú Ọba, àti ohun tí o fẹ́ wá ṣe tí o bá padà sílé. Mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí alága ìdúró tó ń ki ìdílé ìyàwó. Mo ní mo jẹ́ aṣáájú, mo ní mo fẹ́ràn ìlú mi. Nígbà tí mo tún wọn kà lẹ́yìn ọdún méjì, ojú tì mí. Èèyàn kan ò sí níbẹ̀, ìbéèrè kan ò sì sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ń bẹ lọ́wọ́ mi, n kò kàn mọ̀ pé ìbéèrè ni. Borehole tí wọ́n ń fọwọ́ fà ni àjọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ń gbẹ́ sí àwọn abúlé Òkè Ògùn. Ọ̀kan tí mo dúró tì títí wọ́n fi ṣí i, ọdún kẹta ni ṣéènì rẹ̀ já. A ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, a ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn obìnrin bá padà sódò. Ní abúlé kejì, irú ẹ̀rọ kan náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà kan máa ń gbé àpótí jókòó sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, ó ń gba 10 náírà lórí kẹ́ẹ̀gì kan, ó sì ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri fún ẹni tí kò bá rówó san. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò rán an níṣẹ́ yẹn. Kí ló dé tí tirẹ̀ kò kú tí tiwa kú? Orí ìyẹn ni mo padà kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé, ní 2009, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí àwọn ará ìlú ṣe máa ń ṣàkóso omi, igbó àti ibi ìpẹja fúnra wọn láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Bí n kò bá mọ ìyá ẹlẹ́fun yẹn, ǹ bá kà á kọjá lásán.

Nínú kíláàsì, wọ́n ní kí kálukú mú ètò ìjọba kan wá láti ìlú rẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ dìde, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955, mo yìn ín títí. Olùkọ́ wa gbọ́ tán, ó ní, “Níbo ni wọ́n ti rí olùkọ́?” Ẹnu mi wọhò. Mo lọ wádìí. Nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ wọn kò sì tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ètò náà dára, mo ṣì ń sọ ọ́ títí dòní, màmá mi jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, bí gómìnà kan bá ti kéde nǹkan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ta ló máa dúró ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Social innovation tiẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àjọ tí à ń dá àti èsúsú tí wọ́n kàn wọ̀ ní ẹ̀wù òyìnbó. Ìṣirò ló máa yà ọ́ lẹ́nu. Máàkì 38 ni mo gbà nínú ìdánwò statistics àkọ́kọ́, 50 sì ni àṣeyege. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nísinsìnyí, ọ̀fẹ́ ló wà lórí YouTube.

Wàyí o, o sọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. O ní nínú àwọn ọmọbìnrin 30 tí ẹ fún ní ẹ̀rọ ìránṣọ, 18 ti ta tiwọn, o wá fo ibẹ̀ kọjá lọ sórí owó ilé-ìwé. Padà síbẹ̀. Ta ló rà á? Èló? Kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Kí ni àwọn 12 tó kù ní tí àwọn yòókù kò ní? Bí o bá lè dáhùn ìdajì ìyẹn pẹ̀lú orúkọ àti iye owó, àròkọ rẹ ti yàtọ̀ sí ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn.

Oṣù Kẹjọ ni Chevening sábà máa ń ṣí. Wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni wọ́n ń bèèrè, ọdún 4 rẹ ti kọjá ìyẹn dáadáa. Wọ́n á san owó ilé-ìwé, wọ́n á san ti ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á sì máa fún ọ lówó oúnjẹ, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún 2 lẹ́yìn rẹ̀. Wo Commonwealth Shared náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìlú Ọba àti ilé-ìwé gíga jọ ń san owó rẹ̀, kí o sì wo àwọn ètò Erasmus Mundus, másítáàsì tí wọ́n ń ṣe ní ó kéré tán orílẹ̀-èdè méjì. Kọ gbogbo wọn lọ́dún kan náà. Bí wọn ò bá mú ọ, tún kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Sọ fún Bàbá pé kí wọ́n ní sùúrù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ná. Lọ́sẹ̀ yìí, wá mẹ́ta nínú àwọn 18 yẹn kàn, kí o bá wọn jókòó. Ohun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, màá kà á.