Abùradà mẹ́ta ló ba tiwa jẹ́

Àbúrò, o ní ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé yín fẹ́ lẹ plástà mọ́ ẹnu, kí ẹ dúró níwájú ọ́fíìsì ìjọba láìsọ̀rọ̀ nítorí owó oṣù tí ẹ ò rí gbà, o wá ń béèrè bóyá irú ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́. Mo ti ṣe é rí. Mi ò ní tàn ọ́.

Ní 2015, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó, oṣù márùn-ún ni wọ́n jẹ àwa náà. Ìpínlẹ̀ wo? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. A ti kọ lẹ́tà, a ti kọrin lẹ́nu géètì títí ohùn wa fi ha, kò sẹ́ni tó yọjú. Àgbà kan nínú wa wá dá a lábàá pé kí oníkálukú gbé ìkòkò òfìfo wá látilé, ká dojú wọn délẹ̀ síwájú géètì, ká jókòó tì wọ́n, ká má fọhùn. Inú mi dùn sí i. Ta ni yóò rí ìkòkò tó dojú délẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé ebi wà nílé?

Láàárọ̀, ó rí bá a ṣe fẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ń dúró wò wá, ìyá ẹlẹ́kọ kan tiẹ̀ gbé ìkòkò tirẹ̀ wá kún tiwa. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn mú bí iná, ni àwọn ìyá mẹ́ta tí ara wọn ò le bá ṣí abùradà. A ò ro nǹkan kan sí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò abùradà mẹ́ta yẹn ti gba orí WhatsApp kan: wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣèlú Alábùradà, PDP, ló háyà wa. Ìkòkò méjìdínlógójì ló wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó rí wọn mọ́.

Èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Oníròyìn rédíò kan gbé maikirofóònù wá, àwa sì ti búra pé a ò ní la ẹnu. Ó yí wa ká títí, ó sú u, ló bá kọjá sọ́dọ̀ agbẹnusọ tó jáde látinú ọ́fíìsì. Ohùn onítọ̀hún nìkan ni ayé gbọ́. Torí náà, bí ẹ bá máa lẹ plástà, ẹ fi ẹnu ẹnì kan sílẹ̀. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó mú ìwé dání: oṣù mélòó, èló ni, kí lẹ fẹ́.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún Aláàfin, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn; ọba mọ̀ pé ìlú ti kọ òun. Ní 1993, tí Babangida fagi lé ìbò June 12, ọmọ ilé-ìwé ni mí l'Ékòó. Awakọ̀ tó bá ki ewé bọ iwájú ọkọ̀ ń kọjá. Èyí tí kò léwé, á ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìta. Ewé lásán o, àmọ́ gbogbo ìgboro ló mọ̀ ọ́n kà. Ìgbálẹ̀, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú APC, ńkọ́? Ẹ má gbé e dání láyé yìí, kódà bó ṣe ìdọ̀tí gidi lẹ fẹ́ gbá.

Nǹkan tún lè yẹ̀ lójijì. Ní Mexico, ní October 16, 1968, Tommie Smith àti John Carlos, sáré-sáré aláwọ̀ dúdú méjì láti Amẹ́ríkà, bọ́ bàtà gun orí pèpéle Òlíńpíìkì, kí ayé lè rí ìṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Carlos ti gbàgbé ìbọ̀wọ́ dúdú tirẹ̀, ni wọ́n bá pín ti Smith: ọ̀kan na ọwọ́ ọ̀tún sókè, èkejì na tòsì. Ó yé gbogbo ayé síbẹ̀. Wọ́n sì lé wọn kúrò níbi ìdíje náà.

Ẹ má rò pé wọ́ọ́rọ́wọ́ lè gba ìbọn o. Ní Lekki, ní October 20, 2020, àsíá Nàìjíríà ni àwọn ọmọ tó ń ṣe ìwọ́de EndSARS dì mú, orin orílẹ̀-èdè lẹ́nu wọn, àwọn ṣójà ṣì yìnbọn. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ti mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá.

Èmi gba kúẹ́rì, wọ́n sì gbé mi lọ sí abúlé kan tí ọkọ̀ ń dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó wọlé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdajì-ìdajì. Bóyá ìkòkò ló fà á, bóyá owó Àbújá ló dé, mi ò lè búra.

Bí ẹ bá pinnu pé ẹ máa lọ, fìlà àti gèlè tó fún oòrùn. Ẹ má sì gbé ìkòkò oníkòkò. Ti ìyàwó mi ni mo gbé lọ, wọ́n kó gbogbo wọn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, títí dòní ló ṣì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.