Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọ̀gá mi ní àlọ́ kọ́ là ń pa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìwádìí lórí bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́ ni mò ń ṣe ní yunifásítì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn ará ìta, mo gbé gíráàfù jáde, mo ka nọ́ńbà, kí n tó dé ìdajì wọ́n ti ń tẹ fóònù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi ìtàn gbé e kalẹ̀ àmọ́ ọ̀gá mi yarí, ó ní àlọ́ kọ́ là ń pa, pé ìtàn á ba òtítọ́ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ẹ ò jẹ̀bi tán, mo mọ irú ìtàn tó ń bà á lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ wa la ti gbọ́ ti Alexander Fleming, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé ó lọ sinmi lọ́dún 1928, ó dé, ó bá a pé ọ̀kan nínú abọ́ tó fi ń tọ́jú bakitéríà ti bu, àti pé bakitéríà tó wà nítòsí ibi tó bu yẹn ti kú, bó ṣe rí pẹnisílìn, oògùn tó ń pa bakitéríà, látara ohun tó bu yẹn nìyẹn, ó parí. Kò parí o! Ìtàn tó bá dúró síbẹ̀, ó ti ṣi èèyàn lọ́nà, torí ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé oríire lásán ni sáyẹ́ǹsì.

Wá gbọ́ apá tí wọn kì í sọ. Ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 1940, ní Yunifásítì Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Howard Florey àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó bakitéríà tó ń pani sára eku mẹ́jọ, wọ́n fún mẹ́rin ní pẹnisílìn, wọn ò fún mẹ́rin yòókù ní nǹkan kan. Norman Heatley, ọ̀kan lára àwọn tó ń bá Florey ṣiṣẹ́, jókòó ti àwọn eku náà mọ́ òru. Kó tó di aago mẹ́rin ìdájí, mẹ́rin tí ò gba oògùn ti kú tán, àwọn tó gbà á ṣì ń mí.

Mẹ́rin tó kú yẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì inú ìtàn náà. Tó bá jẹ́ àwọn tó yè nìkan lo sọ, ẹnikẹ́ni lè bi ẹ́ pé ṣé wọn ò bá ti yè náà ni láìlo oògùn. Pẹ̀lú mẹ́rin tó kú yẹn níbẹ̀, ẹni tí ò wo gíráàfù rí á mọ ìdí tí wọ́n fi pín eku sọ́nà méjì, o ò ní láti da gírámà kankan bò ó.

Lọ́dún 1941 wọ́n fún ọlọ́pàá kan tó ń ṣàìsàn, Albert Alexander, ní pẹnisílìn, ara ẹ̀ ń yá, àmọ́ oògùn ò tó rárá, débi pé wọ́n ń yọ pẹnisílìn padà látinú ìtọ̀ ẹ̀ kí wọ́n lè tún fi fún un. Ó tán, ọkùnrin náà kú. Nọ́ńbà wo lo fẹ́ kà táá jẹ́ kéèyàn mọ bí oògùn yẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó bí ìtọ̀ yẹn?

Ṣùgbọ́n o, má fi ìtàn ẹnì kan ṣe ẹ̀rí láé. Ibi tí ọ̀gá ẹ ti jàre nìyẹn, torí “mo lò ó, ó ṣiṣẹ́ fún mi” ló ń pa èèyàn. Sọ ibi tó o ti ṣàṣìṣe náà, àtohun tó ṣì rú ẹ lójú, kò sóhun tó ń mú kí èèyàn gbà ẹ́ gbọ́ tó ìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ tìẹ sì ti wà nílẹ̀: nígbà tí Fleming gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1945, ó kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ pé béèyàn bá ń lo pẹnisílìn tí ò tó, bakitéríà tí ò kú á kọ́ bó ṣe máa fara da oògùn náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ jàre. Má ju gíráàfù ẹ nù, àmọ́ jẹ́ kí wọ́n ti máa béèrè pé “kí ló wá ṣẹlẹ̀?” kó o tó gbé e jáde. Kó o sì pe ọ̀gá ẹ, kó wá jókòó níwájú.