Ibi tí èrè iyọ̀ wà gan-an

Àbúrò, sódíọ́ọ̀mù àti kilórínì ló para pọ̀ di iyọ̀ tá à ń jẹ. O ní tíṣà yín sọ pé ńṣe ni sódíọ́ọ̀mù ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ (èérún tíntìntín kan lára rẹ̀) ta kilórínì lọ́rẹ, ìwé tó o kà sì ní agbára la fi ń gbà á. Ìwé yẹn ló jàre. Èmi tí ọ̀rọ̀ ọrẹ yìí mú ṣe ìdánwò kẹ́místírì lẹ́ẹ̀mejì ní Ọ̀fà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 11 ló wà lára sódíọ́ọ̀mù, wọ́n tò ní ipele ipele láti inú bọ̀ síta: 2, 8, 1. Kilórínì ní 17: 2, 8, 7. Ọ̀kan tó dá wà níta yẹn ló ń kọjá sọ́dọ̀ kilórínì. Nínú ìdánwò mi, èmi fa ìlà sáàárín wọn bí ẹni pé wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ìyẹn ti omi ni, kì í ṣe ti iyọ̀. Mo tún kọ àmì + sórí kilórínì, torí òun ló gba nǹkan! Gbèsè ni kó o ka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí: ẹni tó gbà á ló di −, ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló di +.

Ó wá ku ìṣirò. Láti yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn lára móòlù sódíọ́ọ̀mù kan (móòlù ni òṣùwọ̀n iye tí a ń lò nínú kẹ́místírì), 496 kJ ni (kílójúùlù, òṣùwọ̀n agbára). Kilórínì tó gbà á ń dá nǹkan bíi 349 padà. Màmá mi ń ta ata ní Ìpàtà. Bó bá rajà ní 496 tó tà á ní 349, kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ló wá dé tí iyọ̀ fi wà? Àwọn + àti − yẹn ń fa ara wọn, wọ́n ń tò jọ: kilórínì 6 yí sódíọ́ọ̀mù kan ká, sódíọ́ọ̀mù 6 yí kilórínì kan ká. Títò yẹn ń mú nǹkan bíi 787 kJ jáde. Ìnáwó kéékèèké mìíràn wà tí mi ò kà, àmọ́ èrè ṣì kù níbẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ kì í fi í yọ́ lórí iná àfi ní 801°C.

Ti magnẹ́síọ́ọ̀mù kò le: 2, 8, 2, ló fi ń wá kilórínì méjì.

Fi wáyà so bátìrì 9V mọ́ gílóòbù LED kékeré, kó o ki ẹnu wáyà méjèèjì bọ inú iyọ̀ gbígbẹ: kò ní tàn. Bu omi sí i, á tàn. (Má fi iná NEPA dán an wò o!) Mo ṣe é fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Tanke, ọ̀kan ní omi ló gbé iná. Mo bu omi tí wọ́n fi ń kún bátìrì mọ́tò, èyí tí kò ní ásíìdì, mo ki wáyà bọ̀ ọ́ láìsí iyọ̀. Kò tàn. Àwọn + àti − inú iyọ̀, tí omi tú sílẹ̀, ló ń gbé iná.