Bí a ṣe ń so ìlà ọ̀rọ̀ tí àkókò gé sí wẹ́wẹ́ pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Mo gba ohùn àwọn àgbà kan sílẹ̀ lórí bí Ọjà Ọba ṣe rí látijọ́. Ẹ̀rọ bá mi kọ ọ̀rọ̀ wọn sí fáìlì SRT (fáìlì tó ń kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àkókò tí a sọ ọ́), ṣùgbọ́n ó gé gbólóhùn kan sí ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Báwo ni mo ṣe lè fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, so wọ́n pọ̀ tí àkókò wọn kò ní dàrú?

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí iṣẹ́ yín, nítorí ó yẹ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ka ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ wo ìpín méjì yìí:

12
00:01:04,200 --> 00:01:06,100
Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá wa

13
00:01:06,150 --> 00:01:08,900
máa ń gbé iṣu lọ sí Ọjà Ọba.

Ìpín tuntun yóò mú àkókò ìbẹ̀rẹ̀ ti 12 àti àkókò ìparí ti 13. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo àkókò di mílísẹ́kọ́ńdì (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan): ìparí 12 di 66,100, ìbẹ̀rẹ̀ 13 sì di 66,150, nítorí náà àlàfo 50 péré ló wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè mí kanlẹ̀ láàárín ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so ìlà pọ̀ títí wọn yóò fi kan àmì ìdánudúró tàbí àmì ìbéèrè. Èmi kò gbà pé ìyẹn nìkan tó, torí ẹ̀rọ kì í fi àmì síbi tó yẹ nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí ètò Python yín wo ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ̀lú: bí àlàfo bá ju 1,000 lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìpín mìíràn. Àgbà tó ń rántí nǹkan àtijọ́ lè dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àárín gbólóhùn, nítorí náà ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yan iye tó bá a mu. Ẹ tún fi òpin sí gígùn ìpín, bóyá ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ìlà bá sì tán, ẹ rántí kọ ìpín tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni gbólóhùn ìkẹyìn ti máa ń sọnù.

Ẹ fi utf-8-sig (ọ̀nà kíka lẹ́tà tó ń fo àmì tó lè fara pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì) ṣí fáìlì náà, kí ẹ sì fi unicodedata, ohun èlò inú Python, sọ ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan náà fún títọ́jú lẹ́tà àti àmì rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú «ẹ́» ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, tí ojú kò ní rí ìyàtọ̀, síbẹ̀ tí ìwákiri yóò kùnà. Ẹ tún nọ́ńbà àwọn ìpín kà láti 1, kí ẹ sì fi orúkọ mìíràn tọ́jú wọn, kí fáìlì àkọ́kọ́ lè wà bó ṣe wà.